Sí Àìná, Lórí Ọ̀rọ̀ Kókó Inú Imú Rẹ̀

Etí omi, lẹ́bàá Òde Máhìn.

Àìná mi, ọmọ tó fi okùn kọ́rùn wá sáyé tí okùn náà kò rí i pa,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà lo wà, nítorí lẹ́tà rẹ ti dá mi lóhùn. Mo kà á, mo tún un kà, mo sì gbé e súnmọ́ fìtílà bóyá ọ̀rọ̀ kan wà tí o fi pamọ́ fún mi. O ní ihò imú rẹ òsì ti dí láti ìgbà tí o ti dé ilé ọkọ ní Èkó. O ní ojú rẹ òsì ti ń yọ síta, pé bí o bá wo àtùpà kan, méjì lo máa ń rí. O ní dókítà ti wò ọ́, ó ní kókó kan ló hù sínú imú rẹ, kì í ṣe irú èyí tó ń jẹ ara ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ti tóbi débi pé ó ń ti ojú rẹ láti ẹ̀yìn, àfi kí wọ́n yọ ọ́. O ní ìyá ọkọ rẹ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ rárá, pé Akin ọkọ rẹ sì ń wo ojú ìyá rẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. O wá béèrè pé kí ni èmi wí.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èsì yìí. O mọ̀ pé nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà ka ọ̀rọ̀ mi ni mo ṣe lọ jókòó ti àwọn ọmọdé ní kíláàsì onírìbọmi, tí mo fi kọ́ ìwé kíkọ ní àgbà. Akọ̀wé tó ń bá gbogbo ilé kọ lẹ́tà, gbogbo ilé ni àṣírí rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ìlà mi bá wọ́, fara dà á, ojú kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Sìkírá ọ̀rẹ́ mi tó ń kó ẹja gbígbẹ bọ̀ wá sí Èkó ni mo fi í rán. Mo ti fi ìda dí i. Bí ìda náà bá ti là kó tó dé ọwọ́ rẹ, kì í ṣe Sìkírá ló là á, ẹlòmíràn ni.

Mo mọ̀ pé Ìyá Mo-fura ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn mi ní àdúgbò yìí. Mi ò kọ̀ ọ́. Ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kì í sọ fún ọmọ ni pé ìfura náà a máa ṣìnà. Èmi fura sí gbogbo ẹni tí kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo sì fi ohun tó ń ṣe mí sílẹ̀ nínú imú mi títí ó fi gba ojú mi òsì lọ. O ti mọ̀ pé ojú yìí kò ríran láti ìgbà tí o ti gbọ́njú. O ò mọ bó ṣe lọ, nítorí mi ò fẹ́ràn àti máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wá di tìrẹ báyìí, nítorí náà jókòó kí o gbọ́.

Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi níyàwó nígbà yẹn ni. Ẹja ni mo ń yan, mo sì mọ̀ ọ́n yan. O mọ iṣẹ́ náà, kì í ṣe ojú la fi ń mọ ẹja tó yẹ kó wọ orí iná, imú ni. O máa gbé e, o máa gbóòórùn abẹ́ etí rẹ̀, o ti mọ̀ bóyá ó sùn sínú ọkọ̀ tàbí òwúrọ̀ yìí ló jáde. Ihò imú mi òsì kọ́kọ́ dí, mo pè é ní ọ̀fìnkìn. Lẹ́yìn náà ọ̀tún tẹ̀ lé e. Ó wá di pé mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí obìnrin wo ló máa lọ sọ láàárín àwọn ayanja pé imú òun ti kú? Mo ń fọwọ́ tẹ ẹja, mo ń méfò. Lọ́jọ́ kan àwọn oníbàárà tó wá láti òkè dá apẹ̀rẹ̀ ẹja mi padà lójú ọjà, wọ́n ní ẹja tó ti jẹrà ni mo yan, wọ́n ní mo fẹ́ pa àwọn.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo fura sí ni Sìkírá. Bẹ́ẹ̀ ni, Sìkírá yìí kan náà. Ọmọ àwọn Mùsùlùmí tó ń ra ẹja lọ́wọ́ wa ni, ilé wọn kángun sí tiwa lórí omi. Òun ló máa ń bu áṣáà fún mi. Mo ní òun ló po nǹkan mọ́ ọn kí n má baà mọ ẹja mọ́, kí oníbàárà mi lè di tirẹ̀. Mo sọ ọ́ sókè létí bèbè, níbi tí gbogbo obìnrin ti ń dúró de ọkọ̀.

Sìkírá wò mí. Ó ní, "Inú ìkòkò kan náà la jọ ń bù ú. Èmi náà ń fà á símú bí ìghọ, umú mi éè dí."

Mo ní bí tirẹ̀ kò bá dí, ó ti jẹ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú ni.

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ, a ò sì kí ara wa mọ́. Ṣé o rí i? Ẹni tó bá ti pinnu láti fura, kò sí ohun tí wọ́n lè sọ fún un tí kò ní fi kún ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ èyí ṣáájú: má wá ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ń wá ẹni tó ṣe é kì í ráyè wá ẹni tó máa wò ó. O kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ, ní kékeré, pé ìyá ọkọ rẹ ní obìnrin tí Akin fẹ́ fẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Mi ò mọ obìnrin náà, mi ò sì ní kí o gbẹ́kẹ̀ lé e. Má jẹun nílé rẹ̀. Èmi náà kò ní jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má torí tirẹ̀ dá ọjọ́ dókítà kan dúró.

Lẹ́yìn imú, ó kan ojú. Ojú mi òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi, ó ń pọ́n, ó sì dà bí ẹni pé nǹkan ń tì í síta. Ìyá bàbá rẹ ní èéfín ni. Ta ló máa jà wọ́n níyàn? Ní ilẹ̀ wa, gbogbo obìnrin tó ń yan ẹja ni ojú rẹ̀ pọ́n, gbogbo wọn ni imú wọn ń ṣomi. Bí ojú ẹnìkan bá pọ́n láàárín olójú pupa, ta ló máa wò ó lọ́tọ̀? Ká ní àárín àwọn àgbẹ̀ ni mo wà, bóyá wọn ìbá ti tètè bi mí. Wọ́n kàn mú mi kúrò nídìí iná, wọ́n ní kí n máa wa ọkọ̀ gbé ẹja lọ sọ́jà, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi lójú.

O rántí ẹnu odò tí a máa ń gbà wọ ọ̀sà, níbi tí wọ́n ri òpó kan mọ́lẹ̀ sí. Ọ̀tún òpó náà là ń gbà, òsì rẹ̀ yanrìn ni. Mo débẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo rí òpó méjì. Mo ní ó dáa, wọ́n ti ri òmíràn kún un. Ìwọ náà sì mọ̀ pé níbikíbi tí òpó méjì bá wà lórí omi wa, àárín wọn là á gbà. Mo darí ọkọ̀ sí àárín. Àárín yẹn gan-an ni òpó wà. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lé e, ó dojú dé, gbogbo ẹja mi bá omi lọ, èmi náà mumi yó kí wọ́n tó fà mí jáde.

Mo délé, mo ní ẹnìkan ló lọ ri òpó kejì kí n lè kú. Bàbá rẹ wa ọkọ̀ lọ wò ó. Ó padà dé, ó ní òpó kan ṣoṣo ni. Mo ní wọ́n ti hú u.

Bàbá rẹ kì í ṣe ẹni tó ń bínú kíákíá. Ó na ìka kan sókè níwájú mi, ó ní, "Mélòó rè é?"

Mo ní, "Méjì."

Ó ní kí n fọwọ́ bo ojú òsì. Mo bò ó, ìka di ẹyọ kan. Ó ní kí n ṣí i, ó tún di méjì. Bàbá rẹ jókòó sórí pákó ilé, ó gbé àjẹ̀ rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí láìsí ẹni tí mo lè na ìka sí.

Nítorí náà, Àìná, má dá nìkan sọdá títì ní Èkó yẹn. Ọkọ̀ méjì tí o rí, ọ̀kan nínú wọn máa gbá ọ. Ní àràárọ̀, fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, fi òsì nìkan wo aṣọ pupa kan. Bí pupa náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá, tó ń dà bí eérú, má dúró de ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lójú mi nìyẹn, àwọ̀ ló kọ́kọ́ lọ kí ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Mo fẹ́ràn bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n apẹja ni. Apẹja gbà pé kò sí ohun tó wọ ihò tí okùn tàbí ìwọ̀ kò lè fà jáde. Ìwọ náà mọ̀ pé bí nǹkan bá yọ sí wa lára níbí, òwú àwọ̀n la fi ń so ó nídìí, kó gbẹ, kó já bọ́. Bí wọ́n ṣe ṣe èyí tó wà lọ́rùn ìyá mi nìyẹn, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ní àkókò tí mò ń wí yìí, orí kókó náà ti yọ sí ẹnu ihò imú mi, ó funfun, ó ń dán. Bàbá rẹ rí i, inú rẹ̀ dùn, ó ní ọ̀tá ti yọjú. Ó ta òwú àwọ̀n ní ojóbó, ó fi kọ́ orí rẹ̀, ó fún un pinpin, ó sì fà á.

Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ mo sì ti bímọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ há mi nímú, ó ń gba ẹnu mi jáde. Wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, ó ń gba ọ̀nà ọ̀fun lọ, ó ń fún mi. Bàbá rẹ ń sunkún, ó di òwú náà mú lọ́wọ́, ohun tó so mọ́ ọn kò ju orí èékánná lọ. Ìyókù wà níbi tó wà. Ohun tí a rí níta kò tó nǹkan lára rẹ̀. Bí igi ẹ̀gbà etí omi ló rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju orí rẹ̀ lọ.

Ẹni tó gbọ́ igbe tó wọlé ni Sìkírá, tí mo ti bà lórúkọ jẹ́ létí bèbè. Kò kí mi. Ó gbé mi dìde jókòó, ó tẹ orí mi síwájú, ó fi ìka méjì fún imú mi mọ́ra, ó sì di í mú títí ẹ̀jẹ̀ náà fi dá. Lẹ́yìn náà ló tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ghá jẹ́ a lọ òkè. Mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n yọ irú rẹ̀ ní ulé ìwòsàn. Ọkùnrin náà ń ríran."

Kí ẹnikẹ́ni má ki nǹkan kan bọ imú rẹ tàbí ojú rẹ. Kì í ṣe òwú, kì í ṣe ìwọ̀, kì í ṣe áṣáà, kì í ṣe ewé. O ní ìyá ọkọ rẹ ní oje ewé kan tí wọ́n fẹ́ kán sí ọ lójú. Kí wọ́n kọ́kọ́ kán an sí tiwọn. Àmọ́ má sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn o, èmi ni mo sọ ọ́. Ìwọ kúnlẹ̀, kí o ní "Ẹ ṣeun, mà," kí o gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kí o sì gbé e sẹ́yìn ìkòkò. Ìyàwó tó gbọ́n kì í bá ìyá ọkọ jiyàn, kì í sì í mu gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé fún un.

A lọ sí òkè lóòótọ́, èmi àti Sìkírá. A wa ọkọ̀ títí omi fi tán, a wọ lọ́rì. Ibi tí mo ti ṣe òmùgọ̀ tó tóbi jù nìyí, nítorí náà fara balẹ̀ kà á.

Dókítà náà, òyìnbó ni. Ó de dígí kan mọ́ iwájú orí, ó ń fi í tan ìmọ́lẹ̀ sí mi nímú. Ó wò ó pẹ́, ó fọwọ́ tẹ igun ojú mi. Lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ gígùn, ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ń fọwọ́ júwe. Ó dákẹ́. Ògbufọ̀ tó wà níbẹ̀ yíjú sí mi, ó ní, "Wọ́n ní àwọn máa gé e."

Mo ní, "Ìyókù ńkọ́?"

Ó ní ìyókù kò kàn mí.

Àìná, bí ẹnìkan bá sọ̀rọ̀ tó kún agbọ̀n tí wọ́n sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún ọ, ṣé o ò ní béèrè ibi tí agbọ̀n lọ? Mo wo yàrá náà káàkiri. Mo rí ìgò kan lórí pẹpẹ, nǹkan funfun wà nínú rẹ̀. Mo fọwọ́ kan Sìkírá, mo ní ojú ènìyàn ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀. Sìkírá ní òwú ni. Èmi tí mo ń rí nǹkan ní méjì-méjì, mo ní ojú ni, ó sì pé méjì. Mo gbé ìró mi, mo jáde. Sìkírá bẹ̀ mí títí dé ibi lọ́rì, ó fi Ọlọ́run bẹ̀ mí. Mo bi í léèrè iye tí wọ́n fẹ́ fún un lórí mi.

Mo padà sílé. Òjò dé, omi kún, ọ̀nà òkè bàjẹ́. Mo ń dá ara mi lójú pé ó ń fúyẹ́. Pupa kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn di òjìji. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo fọwọ́ bo ojú ọ̀tún mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá màá rí òpó ilé wa, mi ò rí òpó, mi ò rí ilé, mi ò rí ọwọ́ mi. Mo ké. Bàbá rẹ kò dúró kí òjò dá, ó gbé mi sínú ọkọ̀, Sìkírá sì ti jókòó sí iwájú ọkọ̀ kí n tó débẹ̀.

Ní ìgbà kejì yìí, nọ́ọ̀sì kan ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi, obìnrin tó ní sùúrù. Mo ní mi ò ní jókòó sórí àga yẹn àfi tó bá sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kókó náà kò burú fúnra rẹ̀, ibi tó jókòó sí ló burú. Kì í jẹ ẹran ara, kì í rìn lọ síbòmíràn, ṣùgbọ́n àyè ló ń wá, egungun tó wà láàárín imú àti ojú kò sì nípọn. Ó ní inú imú ni dókítà máa gbà, kò ní fọwọ́ kan ẹyinjú. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó sọ ní ọjọ́sí nìyẹn. Ká ní wọ́n sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn!

Wọ́n fi òwú tí wọ́n rẹ sínú oògùn há mi nímú títí imú mi fi kú bí igi. Mo wà lójúfò, mo sì ń ṣọ́ gbogbo ọwọ́ wọn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni dókítà ta ní ojóbó, ó tì í wọlé lọ jìnnà, ó fún un, ó gé e nídìí. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ fẹ́ ṣe ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ibi tí ìdí rẹ̀ wà ló ń ṣe é. Ó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń ha á. Kò dùn mí tó bí mo ti rò, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ nínú orí mi, ìró náà burú. Mo ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n yọ hàn mí, gbogbo rẹ̀. Ó wà nínú àwo, ó ń dán, bí ìṣáwùrú tí a ti yọ kúrò nínú ìkarahun. Nǹkan yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fọ́ mi lójú.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n fa aṣọ tí wọ́n há síbẹ̀ jáde. Mo mí. Òórùn àkọ́kọ́ tó wọ imú mi ni ti Sìkírá tó dúró tì mí, èéfín ẹja tó wà lára aṣọ rẹ̀. Ojú tì mí, inú mi dùn, gbogbo rẹ̀ wá pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n ní o éè gbọdọ̀ fun umú."

Ojú mi padà sí ipò rẹ̀, ìwọ náà rí i pé kò yọ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ni kò padà. Dókítà wò ó, ó sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì túmọ̀ rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀: ó ní iṣan tó ń gbé ìríran ti pẹ́ jù lábẹ́ ẹrù, pé ká ní mo ti jẹ́ kí wọ́n ṣe é ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, ojú náà ìbá là. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo fẹ́ kí ògbufọ̀ gé ọ̀rọ̀ kúrú fún mi.

Nítorí náà mi ò ní kí o má fura. Ọmọ mi ni ọ́, mi ò lè kọ́ ọ ní ohun tí mi ò mọ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Fura, ṣùgbọ́n jókòó síbẹ̀ kí o fura, má fi ìfura sá kúrò. Bi dókítà pé apá wo ni gbòǹgbò kókó náà wà, ṣé inú imú ló máa gbà ni àbí ojú ara, kí ló lè ṣe ojú rẹ bí ọwọ́ bá ṣì. Kí ó fi ìka kan ihò imú tó fẹ́ wọ̀, kí o rí i pé òsì ni. Sọ fún un pé irú rẹ̀ ṣe ìyá rẹ. Bí ẹni tó ń túmọ̀ bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, má dìde, ní kó tún un sọ. Bí wọ́n bá ní kí o má jẹun kí wọ́n tó ṣe é, má jẹ, kódà bí ìyá ọkọ rẹ bá fi ẹja gbọ̀ǹgbọ̀ tí o fẹ́ràn se ọbẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, má fun imú, má pọnmi, má bẹ̀rẹ̀ fẹ́ iná. Bí sísín bá gbé ọ, la ẹnu rẹ sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, tàbí tí omi mímọ́ bá ń kán láti imú rẹ láìdáwọ́ dúró, tàbí tí ojú náà bá ṣú, kí wọ́n gbé ọ padà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o máa wá fi ara hàn wọ́n, máa lọ, nítorí ó lè tún hù. Tèmi tún hù díẹ̀ nígbà tí mo lóyún rẹ, wọ́n sì tún yọ ọ́, mi ò dúró kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ mí.

Sọ fún Akin pé mo kí i. Sọ fún un pé ojú ìyá rẹ̀ méjèèjì pé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún wọn, ṣùgbọ́n a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Bí ó bá fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí ojú ọmọ tó máa bí fún un, kó mú ọ lọ kí oṣù yìí tó kú. Mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà. Mi ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e tán, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀bẹ kì í mọ ọmọ ẹni tí òun ń gé. Àwọn kan wọ yàrá yẹn lójú mi tí ara wọn kò yá bọ̀rọ̀. Mo ti ń jí, mo ti ń sùn, mò ń rò ó láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé, mo sì ti wo ọ̀rọ̀ náà láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ bí mo ṣe ń wo gbogbo nǹkan. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n yọ ọ́.

Mo ń bọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti wọ oṣù ìkúnlẹ̀, mi ò sì gbẹ́kẹ̀ lé agbẹ̀bí tó wà níbí, òun ló dá mi dúró tí mi ò fi bá Sìkírá wọ ọkọ̀ kan náà. Bó bá ti bí, màá wọ lọ́ńṣì tó bá kọ́kọ́ jáde. Má dúró dè mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé kí wọ́n tó ṣe é, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Mo mọ ara mi. Bí mo bá rí aṣọ funfun wọ̀nyẹn, bí mo bá gbóòórùn oògùn wọn, tí mo rí ọmọ mi lórí àga yẹn, màá ké. Màá ní mo rí ojú nínú ìgò. Màá di ọwọ́ rẹ mú, màá ní a ń lọ sílé, màá fi ọmú tí o mu bẹ̀ ọ́. Kí Akin di mí mú, kí ó tì mí síta, kó má ṣe tijú pé àna òun ni mí. Kí ìwọ má sì dìde lórí àga. Ìyá rẹ tó ń kọ ìwé yìí ni kí o gbọ́ràn sí lẹ́nu. Èyí tó ń bọ̀ wá sí Èkó yẹn, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.